Bí ẹ ṣe máa yan ṣọ́ọ̀kì fún píkọ́ọ̀pù tí ẹ ti gbé sókè

Ẹni tó bá ń fi Hilux ná ọ̀nà Kàbà sí Ọbájánà, níbi tí tírélà sìmẹ́ǹtì ti ń tẹ ọ̀dà mọ́lẹ̀, tàbí tó ń wọ oko ní ilẹ̀ Bùnú lẹ́yìn òjò, mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé píkọ́ọ̀pù sókè. Wàhálà tó máa ń tẹ̀ lé e ni wọn kì í sábà sọ. Ọkọ̀ ti ga, ó wu ojú, ṣùgbọ́n ó ń fò lórí gálọ́ọ̀pù, ìdí rẹ̀ ń yẹ̀ lójú ọ̀nà yangí, táyà iwájú ń jẹ lápá kan. Nígbà mìíràn, ṣọ́ọ̀kì tuntun á ti máa jò kí oṣù mélòó kan tó kọjá, olówó á sì máa bú ẹni tó tà á fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjà náà kọ́ ló burú. Gígùn rẹ̀ ni kò bá ọkọ̀ mu.

Iṣẹ́ sípíríìngì yàtọ̀, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀

Sípíríìngì ló ń gbé ẹrù, òun náà ló sì ń gbé ọkọ̀ dúró. Ṣọ́ọ̀kì kàn ń dì í mú kó má máa jó lọ ni. Písítìnì wà nínú ṣọ́ọ̀kì, ó ń ti ọ́ìlì gba ihò tóóró kọjá, wàhálà tí ọ́ìlì ń rí kó tó kọjá ló ń pa ìjó sípíríìngì náà, tó sì ń sọ ọ́ di ooru. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́ọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ fi máa ń gbóná lẹ́yìn ọ̀nà burúkú. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, ọ́ìlì á dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, á wá hó bí ọṣẹ. Ọ́ìlì tó ti hó kò lè di ohunkóhun mú. Ọkọ̀ tó ti ń lọ jẹ́jẹ́ láti Mọ̀pà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó bí ẹ bá ṣe ń súnmọ́ Ìsánlú. Bí ẹ bá dúró sinmi díẹ̀, á padà bọ̀ sípò.

Nítorí náà, bí ẹni tó ń tajà bá ní ṣọ́ọ̀kì kan máa bá yín gbé ẹrù, ẹ bi í pé sípíríìngì wo ló bá a mu. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe gbé e

Hilux láti 2005 síwájú, sípíríìngì kíká ló yí ṣọ́ọ̀kì iwájú po, wọ́n jọ di odidi kan. Ọ̀nà tó rọ àpò lọ́rùn jù láti gbé e ni sípésà, irin tí wọ́n ń ki bọ àárín orí odidi yẹn àti ṣáàsí. Nítorí pé àárín àámù ìsàlẹ̀ (irin tó so táyà mọ́ ṣáàsí) ni ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì wà, kì í ṣe ìparí rẹ̀ níbi táyà, sípésà mìlímítà 25 máa gbé ọkọ̀ tó bíi mìlímítà 45 sí 50. Ó dùn mọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n sípésà kò fi gígùn kankan kún ṣọ́ọ̀kì, ó kàn sún gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ ni. Bí táyà bá wọ inú kòtò, àámù á sọ̀ kalẹ̀ ju ibi tí Toyota fi ààlà sí, kíìkì-ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú) á tẹ̀ jù, rọ́bà tó bo orí rẹ̀ á ya, gíríìsì á tú jáde, yanrìn á wọlé. Bí táyà bá sì gbá sókè, ṣọ́ọ̀kì á ti sún kì tán kí rọ́bà sítọ́pà tó gba àámù dúró. Irin á lu irin. Ariwo "gbà!" tí ẹ ń gbọ́ lórí bọ́ǹpù nìyẹn, ó sì máa ń fọ́ fáàfù inú ṣọ́ọ̀kì.

Ọ̀nà tó dára ni kí ẹ yọ odidi náà, kí ẹ fi sípíríìngì tó ga sí i àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún gíga yẹn rọ́pò rẹ̀. Íǹṣì 2, ìyẹn mìlímítà 50, tó fún ọ̀nà tiwa. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ẹ ó ní láti pààrọ̀ àámù òkè, ẹ ó sì sọ dífù iwájú (ilé jíà tí kíìkì-ṣáàfù ti jáde) kalẹ̀ kí kíìkì-ṣáàfù má bàa tẹ̀ jù, owó tí ẹ rò pé ṣọ́ọ̀kì nìkan ni á wá di ìlọ́po.

Hilux àtijọ́ ti ìdílé 1997 sí 2004 tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń dá lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní sípíríìngì kíká níwájú, ọ̀pá gbọọrọ kan tó ń lọ́ ló ń gbé e. Ẹ lè fi sípánà yí bóòtù rẹ̀ kí iwájú ga. Ẹ má yí i tán. Bí àámù bá ti jókòó sórí rọ́bà òkè nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kò sí ààyè kankan mọ́ fún táyà láti sọ̀ sínú kòtò, kò sì sí ṣọ́ọ̀kì tó lè mú ìyẹn dára.

Lẹ́yìn, sípíríìngì pẹlẹbẹ ni gbogbo wọn ní. Bí ẹ bá fi ewé kan, ìyẹn irin pẹlẹbẹ kan, kún un tàbí tí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí èyí tó tẹ̀ sókè dáadáa, ẹ̀yìn ọkọ̀ á ga, ṣùgbọ́n ibi tí áásù, irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ti máa gbá sítọ́pà kò yí padà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ṣọ́ọ̀kì tuntun gbọ́dọ̀ gùn sí i tó bá nà, kó má sì gùn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ tó bá sún kì. Ṣákẹ̀lì gígùn (irin tó so etí sípíríìngì mọ́ ṣáàsí) náà ń gbé e: èyí tó fi mìlímítà 50 gùn ju ti tẹ́lẹ̀ máa fún yín ní bíi 25. Ti búlọ́ọ̀kù irin tí wọ́n ń fi sáàárín áásù àti sípíríìngì, ẹyọ kan náà ni, ẹ má to méjì lórí ara wọn, ẹ má fi igi ṣe é, ẹ má sì fi búlọ́ọ̀kù síwájú láé. Yú-bóòtù (bóòtù onírísí U tó di sípíríìngì mọ́ áásù) tuntun tó gùn ni kí ẹ lò. Èyí tó ti nà tẹ́lẹ̀ kì í di nǹkan mú mọ́.

Wíwọ̀n

Iṣẹ́ wákàtí kan péré ni, òun ló sì ń yà ẹni tó mọ ohun tó ń rà sọ́tọ̀. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, simẹ́ǹtì ló dára jù. Téèpù, jáàkì, sítáàńdì méjì tó lágbára, sípánà 17 àti 19, ìwé àti bírò. Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn la ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kí ọkọ̀ dúró lórí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹrù tí ẹ sábà máa ń gbé wà nínú rẹ̀. Ẹ wọn láti àárín bóòtù òkè ṣọ́ọ̀kì dé àárín bóòtù ìsàlẹ̀. Ká ní ó jẹ́ mìlímítà 490. Ẹ wá wọn àlàfo láàárín áásù àti rọ́bà sítọ́pà: ká ní 80. Rọ́bà yẹn fúnra rẹ̀ á tún tẹ̀ tó bíi 20 bí ọkọ̀ bá gbá dáadáa. 490 yọ 80 yọ 20, ó ku 390. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì máa kúrú dé. Ẹ fi 15 sílẹ̀ fún ààbò: ṣọ́ọ̀kì tí ẹ máa rà kò gbọdọ̀ gùn ju 375 lọ nígbà tó bá sún kì tán.

Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ fi sítáàńdì sábẹ́ ṣáàsí, ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ sì jẹ́ kí áásù sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí jáàkì. Ẹ wo páìpù búrẹ́ẹ̀kì bó ṣe ń sọ̀. Bó bá ti fà le, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, ẹ ó sì ra èyí tó gùn. Ẹ tún ibi bóòtù méjèèjì wọn. Ká ní 585. Ẹ fi 15 kún un: ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ nà dé 600, ó kéré tán.

Ohun tí ẹ ń wá lọ́jà nìyẹn: 375 tàbí kó kúrú jù bẹ́ẹ̀ bó bá sún kì, 600 tàbí kó gùn jù bẹ́ẹ̀ bó bá nà. Èyí tí ìwé rẹ̀ kọ 370 àti 605 máa wọlé wẹ́rẹ́. Èyí tó kọ 400 àti 650, tí wọ́n á máa pè ní "ti ọkọ̀ gíga" nítorí gígùn rẹ̀, máa kọ́kọ́ kan ìdí kí sítọ́pà tó kan, ọ̀pá rẹ̀ á tẹ̀, síìlì tó ń sé ọ́ìlì mọ́ inú á já. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì tí kò tíì lò tó oṣù kan ṣe ń jò.

Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì náà. Bí òsì àti ọ̀tún bá fi ju mìlímítà 10 yàtọ̀ síra, sípíríìngì kan ti rẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Èwo nínú wọn?

Ṣọ́ọ̀kì onípáìpù méjì ni èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́: páìpù kan wà nínú òmíràn, ọ́ìlì wà láàárín wọn. Bí òkúta bá lu ara rẹ̀, páìpù ìta ló máa tẹ̀, písítìnì inú á ṣì máa lọ. Kì í tètè tu ooru sílẹ̀. Nitrogen díẹ̀ tí wọ́n ń fi sí i ń dín híhó ọ́ìlì kù. KYB Excel-G ti Japan wà nínú ìdílé yìí, Nitrocharger ti Old Man Emu láti Ọsirélíà náà wà níbẹ̀. Irú kan tún wà tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù dí ibi tí gáàsì ì bá wà, ọ́ìlì kò wá rí ohun tó máa dàpọ̀ mọ́.

Onípáìpù kan ní písítìnì tó ń fara gbá ògiri ìta fúnra rẹ̀, gáàsì wà ní yàrá tirẹ̀ lẹ́yìn ìdènà, agbára ìfúnpá rẹ̀ sì pọ̀ gan-an. Ó ń tu ooru sí afẹ́fẹ́ tààrà, kì í hó bọ̀rọ̀, ẹ sì lè dorí rẹ̀ kodò. Bilstein 5100 láti Jámánì nìyí, Gas-A-Just ti KYB náà nìyí. Àléébù rẹ̀ ni pé bí òkúta kan bá tẹ ara rẹ̀ wọlé, písítìnì á há, ó parí.

Èyí tó ní agolo kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gba ọ́ìlì púpọ̀ sí i. Ẹni tó ń sáré nínú aginjù ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́wọ́ tiwa níbí, owó ńlá lásán ni àfi bí ẹ bá ń gbé ẹrù tó wúwo lójoojúmọ́ ní eré tó pọ̀. Èyí tó ní bọ́tìnì tí wọ́n ń yí, bíi RS9000XL ti Rancho tó ní ipele 9, wúlò fún ẹni tó ń gbé ẹrù lọ tó sì ń bọ̀ lófìfo, tí bọ́tìnì náà kò bá kú sínú ẹrẹ̀ pupa. Ẹ máa yí i lóòrèkóòrè kó má bàa há.

Ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ oko, ẹ̀gẹ́, iṣu, àpò kaṣú, tí kì í sáré púpọ̀, onípáìpù méjì tó sanra, pàápàá onífọ́ọ̀mù, ló yẹ ẹ́: ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn Hilux rọ̀ sílẹ̀ níbi tí òkúta ti lè bá a. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ ná Lọ́kọ́jà sí Kàbà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ sí Ìlọrin, tí eré rẹ̀ ń kọjá 80 lórí ọ̀nà tó ti jẹ, onípáìpù kan ni kó lọ mú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ilé-iṣẹ́ kan náà ló dára jù. Ẹ má pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ kan, méjì méjì ni.

Ẹrù yín ló máa sọ bó ṣe máa le tó

Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50. Àpò 10 ti di 500 kílò. Ẹ fi èyí ṣírò ohun tí ẹ ń gbé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ṣe é. Àwọn tó ń ta sípíríìngì ìgbésókè máa ń pín in sí ti òfìfo, ti bíi 300 kílò, àti ti bíi 500 kílò tó ń wà lórí ọkọ̀ nígbà gbogbo. Ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ yàn mu.

Bí sípíríìngì bá le tí ṣọ́ọ̀kì rọ̀, ọkọ̀ á gbá sókè lẹ́yìn kòtò, á tún gbá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ìdàkejì rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, tí ṣọ́ọ̀kì le jù nígbà tó ń nà, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lórí ọ̀nà yangí tó ti ṣe gẹ́gẹ́rẹ́gẹ́, tó ní gálọ́ọ̀pù kéékèèké tó tẹ̀ léra, táyà á sọ sókè, ṣọ́ọ̀kì á wá lọ́ra láti jẹ́ kó padà wálẹ̀. Gẹ́gẹ́rẹ́ kejì á ti bá a kó tó nà tán, ẹ̀kẹta náà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi jókòó lórí sítọ́pà, á wá le bí ẹni jókòó sórí àpáta. Àwọn kan á ní sípíríìngì ló rọ̀, wọ́n á tún fi ewé kún un. Á tún burú sí i.

Lọ́jà

Ladipo ní Èkó ni ọ̀pọ̀ ti ń rà á, Gate ní Ìbàdàn náà ní tòkunbọ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ má ra ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ fún ọkọ̀ gíga. Ẹ kò mọ iye ìgbà tó ti kan ìdí.

Tí ẹ bá di tuntun mú, ẹ fi ìka yín rin ọ̀pá rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kúróòmù ojúlówó ń dán, ó ń yọ̀, kò ní ibi kankan tó ń ta ìka. Ẹ wo ojú wẹ́dì: ojúlówó dọ́gba yípo, ayédèrú máa ń ní kókó. Kí nọ́ńbà orí páálí àti ti ara ṣọ́ọ̀kì bá ara wọn mu. Onípáìpù kan máa ń wá pẹ̀lú okùn tó di í mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tú okùn, ó gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ nà jẹ́jẹ́ láìdúró. Bó bá dúró sáàárín, ẹ dá a padà.

Dídè é

Ṣọ́ọ̀kì onípáìpù méjì tó ti sùn sórí pẹpẹ fún oṣù púpọ̀, afẹ́fẹ́ á ti wọ inú páìpù àárín. Ẹ gbé e nàró, ẹ tì í wálẹ̀, ẹ fà á sókè bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún títí tí kò fi ní já wọ́ mọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá dè é láìṣe èyí á gbọ́ ariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á sì rò pé ayédèrú ni.

Ẹ má fi páláyà mú ọ̀pá kúróòmù. Ìlà kékeré kan lára rẹ̀ á máa gé síìlì bí abẹ.

Níwájú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nọ́ọ̀tì orí ṣọ́ọ̀kì láìfi kọ́mpírẹ́sọ̀ sípíríìngì (irin tó ń fún un pọ̀, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́) di sípíríìngì náà mú ṣinṣin. Bí sípíríìngì yẹn bá já, ó lè pa èèyàn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nílé mẹkáníìkì rèé: wọ́n máa ń fún bóòtù gírígírí nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Búṣì rọ́bà á wá lẹ̀ mọ́ irin ní ipò tí àámù sọ̀ kalẹ̀. Bí ọkọ̀ bá balẹ̀, rọ́bà náà á ti lọ́ pọ̀, á máa lọ́ sí i lórí gbogbo kòtò, á ya kó tó pẹ́. Ẹ sọ fún un pé, "Ọ̀kún o, ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún un. Ẹ jẹ́ ká gbé e sílẹ̀ ná." Kí bóòtù kàn mú díẹ̀, kí ọkọ̀ balẹ̀, kí wọ́n mì í lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá fún un.

Lẹ́yìn Hilux mélòó kan, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó so áásù mọ́ fáàfù búrẹ́ẹ̀kì lórí ṣáàsí. Òun ló ń sọ fún búrẹ́ẹ̀kì pé ẹrù wà tàbí kò sí. Bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè, ọ̀pá yìí á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín agbára búrẹ́ẹ̀kì ẹ̀yìn kù, kódà bí àpò 15 bá wà lórí rẹ̀. Lórí ìsọ̀kalẹ̀ òkè, ìyẹn kì í ṣe eré. Kí wọ́n fi irin kékeré gbé ìdí rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n tí ẹ fi gbé ọkọ̀.

Ẹ ṣe aláínímẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an. Ọkọ̀ tí a gbé níwájú máa ń pàdánù bí sítíárìn ṣe ń fúnra rẹ̀ padà sáàárín. Bó bá ń rìn ségesège lórí títì lẹ́yìn aláínímẹ́ǹtì, àámù òkè ni kí ẹ máa wo.

Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ tún gbogbo bóòtù fún, yú-bóòtù ní pàtàkì. Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì: ọ́ìlì tó kàn hàn fẹ́ẹ́rẹ́ tí eruku lẹ̀ mọ́ kò burú, èyí tó ń kán ni àrùn. Bí ẹ bá ti ọ̀nà burúkú dé, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìdì wọ́n mú nítorí wọ́n lè jó yín. Bí mẹ́ta bá gbóná tí ẹyọ kan tutù, èyí tó tutù yẹn ló ti kú.